Ọbẹ̀ Tó Wà Níkùn Bàbá Láṣebìkan

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti pa á, ẹ kàn ń mi orí ni, ẹ ó sì ṣe ojú bí ẹni tó ti gbọ́gbọ́n. Wọ́n á ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àgbà kì í tú àṣírí. Òótọ́ ni, n ò bá wọn jiyàn. Àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè pé ọbẹ̀ wo, ikùn àgbà wo, ẹ ó rí i pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà wọn. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ọ́ fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bi mí bóyá yunifásítì ti wà nígbà tí òwe ń bẹ̀rẹ̀, kó lọ sọ ìtàn tirẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fadérera. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ló ń kọ́ ní yunifásítì, ilé àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé, nítorí ilé náà kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá ìyá rẹ̀ ni Bàbá Láṣebìkan. Ìyá ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ṣíjú. Ọdún tí Fadérera yóò jáde ni olùkọ́ wọn, Màdáámù Olúgbèmí, gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ara rẹ̀ dán an wò, kó fi oṣù kan gbáko jẹ kìkì ohun tó hù nílẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, kò gbọdọ̀ jẹ ẹja, ẹyin àti mílíìkì pàápàá kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní pọ̀nmọ́ ńkọ́, pọ̀nmọ́ kì í sáà ṣe ẹran, awọ ni. Màdáámù bi í pé ara igi wo ni wọ́n ti bó awọ náà. Ọmọkùnrin náà jókòó. Òmíràn ní edé tí wọ́n bá ti lọ̀ kúnná, ṣé kò ti di èlò ọbẹ̀ bí iyọ̀? Màdáámù ní ohunkóhun tó bá ti lójú rí, kì í ṣe ohun tó hù nílẹ̀. Ó wá sọ fún wọn pé nígbà tí oṣù bá parí, òun yóò wá sílé kálukú, òun yóò sì bi ẹni tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ léèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà jẹ. Ẹni tó bá yẹ̀ yóò tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì jáde fi í sílẹ̀.

Fadérera kò lè dúró dọdún tó ń bọ̀. Àbúrò rẹ̀ ti gba ìwé àṣẹ láti wọ yunifásítì, ìyá wọn sì ti sọ ọ́ gbangba pé agbára òun kò ká ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan kò bá jáde, èkejì kò ní wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí òun ni ọmọ yìí ń rò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbọ́ pé ó ń jẹ ewé.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà, Ìyá Ṣíjú sì ni ìṣòro náà. Obìnrin yìí mọ ọbẹ̀ í sè. Ọbẹ̀ ata rẹ̀ a máa ta sánsán dé òpin àdúgbò, ẹran inú rẹ̀ a sì máa yọrí síta bí erin tó ń wẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọmọ tó bá ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tí kò jẹ ẹran, orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ ló fẹ́ bà jẹ́. Nígbà tí Fadérera dọ́gbọ́n sọ fún un pé òun fẹ́ sinmi ẹran jíjẹ díẹ̀, Ìyá Ṣíjú gbé ṣíbí ọbẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ta ló sọ fún un pé ẹran jẹ́ èèwọ̀ rẹ̀, pé ìdílé àwọn kò léèwọ̀ ẹran kankan àfi èyí tí kò bá jinná. Ó wo ikùn ọmọ náà, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Ó tún bi í bóyá ó ti wọ ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ni. Fadérera ní iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Ìyá Ṣíjú mú fóònù, ó ní òun ń pe Ṣíjú kó wá kó ọmọ rẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ènìyàn láti jẹ ewé bí ewúrẹ́, ọgbà ẹran ni. Fadérera yára kúnlẹ̀, ó ní àwàdà lòun ń ṣe.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá Láṣebìkan fẹ́ràn ẹran ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Àmọ́ dókítà ti yẹ ara rẹ̀ wò nítorí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wú, ó sì ní kó jáwọ́ nínú ẹran. Ìyá Ṣíjú ló fi ẹja àti edé kún òfin náà fúnra rẹ̀, nítorí ó nífẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó wá ń se ìkòkò méjì. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti irú ni ti bàbá. Ọbẹ̀ ẹran ni ti ọmọ. Fadérera ló ń gbé abọ́ méjèèjì wá sí pálọ̀, òun àti bàbá rẹ̀ àgbà a sì jọ jókòó jẹun. Ìyá Ṣíjú kì í bá wọn jókòó. Ìdí ààrò ló ti ń jẹ tirẹ̀, kó lè máa ṣọ́ ìkòkò.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù náà, àwọn méjèèjì jókòó, ẹnikẹ́ni kò bu òkèlè. Ọmọ ń wo abọ́ bàbá, bàbá ń wo abọ́ ọmọ.

"Fadérera," Bàbá Láṣebìkan ní, "ojú wo lo fi ń wo ẹ̀fọ́ mi yẹn?"

"Ojú tí ẹ fi ń wo ẹran mi náà ni, Bàbá."

Bàbá yíjú wo ìdí ààrò. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó na ọwọ́ òsì, abọ́ pààrọ̀ ibùjókòó. Ó ní láàárín òun àti ọmọ náà ni o, kí ẹnì kẹta má gbọ́. Fadérera sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún un, bàbá sì mi orí, ẹran ti kún ẹnu rẹ̀. Látayé dáyé, àgbà ló ń ṣẹ́ ẹran kù sínú abọ́ fún ọmọdé. Ilé yìí nìkan ni mo ti gbọ́ ọ pé ọmọdé ń fi gbogbo ẹran sílẹ̀ fún àgbà.

Inú àwọn méjèèjì dùn. Ohun tí wọn kò rò ni pé ara kì í bo àṣírí. Kò pẹ́ tí ọrùn Fadérera fi tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Láṣebìkan sì yọ. Ìyá Ṣíjú rí i. Ó ní ọmọ yìí ń rù, ó fi ẹran kún ti ọmọ. Ó ní ọkùnrin yìí ń sanra, ó fa epo kúrò nínú ti bàbá. Bàbá wá ń sanra sí i, ọmọ ń rù sí i. Ìyá Ṣíjú tún fi ṣàkì kún ti ọmọ, ó yọ iyọ̀ kúrò nínú ti bàbá. Nígbà tó yá, ẹ̀fọ́ tí Fadérera ń jẹ kò ní epo, kò ní iyọ̀, díẹ̀ ló kù kí irú pàápàá jáde níbẹ̀. Ọmọ náà ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Ṣíjú wá parí èrò sí i pé aràn ló ń bá ọmọ òun jẹ ẹran, ló bá ń po àgbo aràn fún un láràárọ̀. Ẹ ò rí i, ọmọ tí kò jẹ ẹran ń mu àgbo tìtorí ẹran.

Ìta náà kò gbẹ́yìn. Ìyá Ṣíjú ń sọ fún àwọn obìnrin àdúgbò pé kí wọ́n wo bí ẹ̀fọ́ lásán ṣe ń tún ọkọ òun ṣe. Bí àwọn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọkọ wọn ní ẹ̀fọ́ láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn. Àwọn ọkọ kóra jọ, wọ́n wá bẹ Bàbá Láṣebìkan pé kó jọ̀ọ́ kó rù díẹ̀, kí ilé àwọn lè tòrò. Bàbá ní òun yóò gbìyànjú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wú nígbà náà bí iṣu, àmọ́ ó fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó.

Ọjọ́ tí Màdáámù Olúgbèmí yóò wá pé. Ìyá Ṣíjú gbọ́ pé olùkọ́ ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ, ó sì ti kéde káàkiri pé yunifásítì ń bọ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ ìkòkò òun. Àwọn obìnrin àti àwọn ọkọ wọn tó ti rù ní àwọn yóò wá wò ó lójú fèrèsé. Lọ́sàn-án yẹn, Ìyá Ṣíjú se ọbẹ̀ ewúrẹ́, ó bu abọ́ ńlá kan pẹ̀lú gbogbo omi ẹran, ó ní kí Fadérera jẹ ẹ́ tán kí àlejò tó dé, kí ara rẹ̀ lè máa dán. Bàbá kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró mọ́tò. Kò sí àyè láti jẹ ẹran ní jíjẹ, gbígbé ló ń gbé e mì. Ó gbé abọ́ sókè, ó sì gbé gbogbo omi ọbẹ̀ náà mu láìmí. Bó ṣe gbé abọ́ kalẹ̀ ni Màdáámù wọlé, èrò sì kún ojú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n kíra wọn. Màdáámù bi Ìyá Ṣíjú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí ni Fadérera ń jẹ láti bí oṣù kan.

"Ẹran ni," Ìyá Ṣíjú dáhùn. "Ẹran lójoojúmọ́. Egungun pàápàá, n kì í bá a nínú abọ́."

Fadérera yíjú wo abọ́ tó ti ṣófo. Irọ́ tó gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà ló ń fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́ yìí. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun kò jẹ ẹran kankan. Ìyá Ṣíjú ní ṣé òun wá ń purọ́ lójú àlejò ni? Màdáámù bi Fadérera pé, ta ló wá jẹ ẹ́?

Ọmọ náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Bàbá Láṣebìkan. Bàbá yára wo àjà. Kí ni Fadérera fẹ́ sọ? Ṣé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé yóò na ìka sí bàbá rẹ̀ àgbà láàárín èrò, pé olè ẹran nìyí? Ó rántí àbúrò rẹ̀, síbẹ̀ ó gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Màdáámù dìde. Ó ní ó dun òun, pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bí àlejò bá dìde, baálé ilé kì í jókòó. Bàbá Láṣebìkan náà dìde. Bó ṣe nàró báyìí, gbogbo ilé gbọ́ ọ: gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀.

Ìyá Ṣíjú yíjú padà. Ó ní kí ló ń dún bí omi inú garawa yẹn?

Bàbá gbá agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó gbé ojú le.

"Kò sóhun tó dún," ó ní. "Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà."

Ó sọ ọ́ tìyìtìyì débi pé Màdáámù tẹrí ba. Lójú fèrèsé, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, pé àgbà ló máa ń sọ irú ẹ̀. Wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ń lọ, kí wọ́n lè fi sọ ìtàn kó tó tutù.

Fadérera kúnlẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Kò wo bàbá rẹ̀ àgbà mọ́, kò sì bínú sí i, ó kàn ń nu ojú rẹ̀ ni. Ẹ̀kún tí kò ní ẹ̀sùn nínú yìí ló wọ Bàbá Láṣebìkan lára. Ìtìjú mú un ju bí ẹran ṣe ń wù ú lọ, mo sì ti sọ fún yín bí ẹran ṣe ń wù ú tó.

"Màdáámù, ẹ dúró ná," ó ní. "Ẹ sún mọ́bí."

Ó di ikùn rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó mi ara rẹ̀ sọ́tùn-ún, gbọ̀lọ̀. Ó mì í sósì, gbọ̀lọ̀. Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sílẹ̀ lé àtàǹpàkò tó wú, ó sì ké. Ìyá Ṣíjú bẹ̀rẹ̀, ó fi etí lé ikùn ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ ọ dáadáa.

"Ọbẹ̀ mi nìyí," ó ní.

Bàbá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ látorí abọ́ kìíní. Màdáámù Olúgbèmí rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó padà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ́ni, òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ń dún níkùn rí. Fadérera yege, ó jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ wọlé. Ní ti Bàbá Láṣebìkan, ojú ìyàwó rẹ̀ ní ìdí ààrò ló ti ń jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà, àgbo aràn tó kù sì wà fún un láràárọ̀.

Àmọ́ àwọn ará ojú fèrèsé ti lọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́, ìdajì náà ni wọ́n gbé káàkiri ìlú, òun ló sì di ọgbọ́n lẹ́nu gbogbo ayé. Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n báyìí: ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Bí àgbà kan bá tún pa á fún yín, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde dúró ná.