Ayaba Oyin Inú Àpò Àyà Mi

Mo lè gbàgbé ọjọ́ tí mo wọ yunifásítì, àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ kan wà ní Àgbowó tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé. Ayé ìgbà tí sójà ń mú gbogbo ìlú tò sórí ìlà ni, mo sì wà ní ọdún tí mo fẹ́ ṣetán.

Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi, olùkọ́ tó ń bójú tó ìwádìí mi, gbé fún mi ni kí n wádìí bí ayaba oyin, ìyẹn ìyá gbogbo oyin inú ilé wọn, ṣe ń gbàkọ. Ojú ọ̀run ló ti ń gbà á, akọ bíi mẹ́wàá ló sì ń gùn ún, kálukú wọn a kú lójú ẹsẹ̀. Èmi yóò fi ayaba tí kò tíì mọ akọ sínú àwọ̀n, màá gbé e kọ́ sórí ọparun gígùn, àwọn akọ yóò gbóòórùn rẹ̀, màá sì mú wọn. Mo ṣàlàyé fún bàbá onílé wa, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi.

“Ìyá kan, baba mẹ́wàá? Irú ìdílé wo nìyẹn? Má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ o.”

Ayaba mẹ́ta ni mo sìn, méjì ti kú. Bí ẹ̀kẹta bá lọ, n kò ní bá ẹgbẹ́ mi jáde. Nígbà tí mo ń gbé e bọ̀ láti Àpáta, níbi tí mo ti ń sìn wọ́n, mo fi í sínú páálí ìṣáná tí mo dáhò sí, òun àti oyin òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí yóò máa bọ́ ọ, mo sì kì í bọ àpò àyà mi kó lè máa móoru. Mo fọwọ́ bò ó nínú takisí bí ẹni tí àyà ń dùn. Obìnrin tó jókòó tì mí ń kí mi pẹ̀lẹ́ títí dé Dùgbẹ̀. Mo ní ẹ ṣé.

Mo délé, mo bá bàbá onílé níwájú ilé pẹ̀lú bàbá arúgbó kan.

“Ẹ̀gbọ́n mi àgbà rèé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fìka kanlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, sà.”

Bàbá onílé fajú ro. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní yunifásítì nìyẹn?”

Kí lọmọ Yorùbá máa ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo gbọ́ tí páálí rún lábẹ́ mi, àwọn òṣìṣẹ́ tí ikú yọ sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí láyà. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, mo tún yí padà. “Yéè! Bàbá! Yéè!”

Omi lé ròrò sójú bàbá arúgbó. “Ó tó, ọmọ mi, dìde! Àfi láàfin ni mo ti rí irú ìkíni yìí rí. Wàá yege nínú ẹ̀kọ́ rẹ!”

“Àmín, sà,” ni mo wí látinú eruku.

Nígbà tí mo tú páálí náà ní yàrá, ayaba ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dùn mí ju oró oyin lọ, mo sì sunkún. Ọ̀gá mi gbọ́ ọ, wọ́n yọ awò ojú wọn.

“Ṣé o ò lè gbé e kalẹ̀ kó o tó dọ̀bálẹ̀ ni?”

Mo lo ọdún kan sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn máa lanu sọ ohun tó gbé dání. Àgbà tó bá gbọ́ àlàyé kì í bínú. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ aṣọ oyè, bàbá onílé kó àwọn ayálégbé tuntun jọ, wọ́n ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà hàn wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá onílé ní kò tó ti ọjọ́sí. Mo bú sẹ́rìn-ín, kí n má baà sunkún.