Ọ̀kadà Méjìlá àti Kòtò Kan

Ẹ̀yin tí ẹ tò yí mi ká yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu lásán lẹ fi ń pa á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹ má sì bi mí bóyá ọ̀kadà ti dáyé nígbà tí òwe dáyé. Ẹni tó ń jẹ adìẹ kì í bi í léèrè ọjọ́ orí.

Obìnrin kan wà ní Òkè-Ọ̀bẹ̀dú, Tinúadé lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi ọ̀kadà pupa kan sílẹ̀ fún un. Gbogbo ìlú rò pé yóò tà á. Tinúadé tà á bí? Ó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó ró ìró lé e lórí, ó gun ọ̀kadà náà lọ sóko. Ọdún mẹ́jọ ló fi ń kó iṣu bọ̀ láti oko. Àwọn adìẹ àdúgbò gan-an mọ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọn a yà fún un.

Àmọ́ Gbénró ọmọ rẹ̀, géńdé tí òun náà ní ọ̀kadà tirẹ̀, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

"Màmá, ẹ ti pé ọgọ́ta ọdún. Ẹ jẹ́ ká ta nǹkan yìí. Ẹ máa ṣubú lọ́jọ́ kan ni."

"Èwo ni tìẹ? Orí rẹ ni mo máa ṣubú lé?"

Wọ́n fà á, wọ́n fà á, ni wọ́n bá ṣe àdéhùn. Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ìlú náà máa ń tò lọ wo omi kan tó ń já bọ́ láti orí àpáta lọ́nà jíjìn. Bí Tinúadé bá bá wọn lọ, tó sì bọ̀ láìṣubú, kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ dárúkọ títa. Bó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, Gbénró á ta ọ̀kadà.

"Bí ìwọ bá ṣubú ńkọ́?" Tinúadé bi í.

Gbénró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi? Bí èmi bá ṣubú, Màmá, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni n ó máa fọ ọ̀kadà yín, títí láé!"

"Mo gbọ́. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ."

Aṣíwájú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Famúyìwá. Ọkùnrin tí kì í ṣàṣìṣe ni! Bí táyà rẹ̀ bá jò, á ní òun fẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lọ sinmi ni. Lọ́jọ́ ìrìn àjò náà, ó to ọ̀kadà méjìlá sójú kan, ó fi Tinúadé sẹ́yìn pátápátá, ó fi Gbénró síwájú rẹ̀, ó sì ka òfin.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi mí ní nǹkankan lójú ọ̀nà, n ò ní gbọ́. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ máa wò. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ dúró. Bí mo bá nà án sókè tí mò ń jù ú, ọ̀nà dára, ẹ fún un níná! Bí ẹni iwájú rẹ bá ti ṣe é, kí ìwọ náà ṣe é fún ẹni ẹ̀yìn."

"Ọ̀gá, èmi tí mo kẹ́yìn ńkọ́? Ta ni mo máa ṣe é fún?"

"Ìyá Gbénró, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa jẹ eruku yín jẹ́ẹ́jẹ́."

Wọ́n gbéra. Tinúadé jẹ eruku, ó jẹ ẹ́ yó. Oòrùn ń ràn lójú ọ̀nà, kò sí ẹ̀kán òjò kan, àfi pé orí òkè tí wọ́n ń lọ ti dúdú bí ìdí ìkòkò láti àárọ̀. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe òjò ọmọlúàbí! Lójijì ni Tinúadé gbọ́ ìró kan, gììììrì! Ilẹ̀ mì títí dé inú eyín rẹ̀. Odò kékeré kan wà níwájú, tí ewúrẹ́ ń là kọjá tí omi kì í dé orúnkún rẹ̀. Odò yẹn ya! Ó wú, ó gbé afárá lọ bí ẹní gbé àwo, ó sì gbẹ́ kòtò ràgàjì sójú títì. Omi pupa wá kún kòtò náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀nà.

Ọ̀nà yẹn sì rèé, ó pẹ́kọrọ lẹ́yìn àpáta kan, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, koríko gíga bò ó. Ẹni ẹ̀yìn kò rí ju ọwọ́ ẹni iwájú lọ.

Ọ̀gá Famúyìwá ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Jàbú! Omi mù ún dé àyà. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù wọ́n, ó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o!"

Ẹnìkejì rí ọwọ́ lórí koríko. "Háà! Ọwọ́ méjì! Ọ̀nà yìí mà dára ní ìlọ́po méjì o!" Ó fún un níná. Jàbú! Òun náà na ọwọ́ méjì. Ẹnìkẹta rí i. Jàbú! Ẹnìkẹrin rò pé wọ́n ti dé ibi ijó. Jàbú! Ẹnìkeje tilẹ̀ fun fèrè kó tó wọlé, bí ẹní kí onílé. Jàbú, jàbú, jàbú, ó di ọ̀dọ̀ Gbénró. Gbénró bojú wẹ̀yìn, ó ju ọwọ́ sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ fún un níná! Àbí ẹ̀rù ti ń bà yín?"

Ó yà lẹ́yìn àpáta. Jàbú!

Tinúadé náà ti fẹ́ fún un níná. Ó gbójú sókè, ó rí ọwọ́ méjìlélógún tí wọ́n ń jù fìrìfìrì lórí koríko. Ni ọkàn rẹ̀ bá sọ pé, "Dúró ná. Bí gbogbo ọwọ́ yìí bá wà lókè, ta ló di ọ̀kadà mú?"

Ó tẹ bíréèkì. Ọ̀kadà dúró gbọn-in. Ó tẹ́tí: kò sí ìró ẹ́ńjìnnì kankan. Lẹ́yìn náà ni omi gbé akoto kan jáde láti abẹ́ koríko. Akoto orí Gbénró! Kò sì sí orí nínú rẹ̀!

Yéè! Tinúadé fò sílẹ̀, ó ń ké, "Gbénró o! Ọmọ mi o!" Síbẹ̀ náà, ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kadà lé ẹsẹ̀ irin rẹ̀ dáadáa, nítorí àdéhùn ni àdéhùn. Ó sáré dé etí kòtò. Orí mọ́kànlá ló wà lójú omi bí igbá àgbẹ̀, Gbénró wà ní ìkẹyìn, ewéko bò ó lójú.

"O wà láàyè?"

"Mo wà, Màmá."

"Ta ló ṣubú?"

"Màmá, omi ti ń dé ọrùn o!"

"Mo ti rí ọrùn. Ta ló ṣubú?"

"Èmi ni! Èmi ni mo ṣubú!"

Tinúadé tú ìró rẹ̀.

"Háà, Màmá! Ẹ̀ ń tú ìró ní gbangba!"

"Ṣòkòtò bàbá rẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Di eléyìí mú."

Ó so ìró mọ́ ìdí ọ̀kadà, ó fi ẹ́ńjìnnì fà wọ́n gun òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọkùnrin mọ́kànlá, Ọ̀gá Famúyìwá ló kẹ́yìn. Wọ́n jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń fún omi kúrò lára aṣọ wọn. Ọ̀gá Famúyìwá wúkọ́.

"Ẹ má rò pé mo ṣubú o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jìn ni. Mo ti rí kòtò yẹn láti òkèèrè, mo ní kí n fi ara mi kọ́ yín lọ́gbọ́n."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọ̀pọ̀lọ́ kan fò jáde láti inú àpò rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Tinúadé wí. "Ọgbọ́n náà dára. Àmọ́ àwọn mẹ́wàá ti bá olùkọ́ wọ inú omi lọ. Èmi nìkan ló kù tí mo kọ́ ọ."

Láti ìgbà náà, bí ẹ bá gba iwájú ilé Tinúadé kọjá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó bá Gbénró lórí ìkúnlẹ̀, ọṣẹ dé ìgùnpá, ìyá rẹ̀ lórí àpótí. Bí èrò ọ̀nà bá bi í pé kí ló dé, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n."

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi," ni Tinúadé á wí. "Táyà ẹ̀yìn ò tíì mọ́."