Ọláṣùpọ̀ Fi Efinrin Para Lọ Ilé Àna

Ọláṣùpọ̀ tó ń ṣe àga ìjókòó ní Mushin kì í gba ìmọ̀ràn, òun ló máa ń fún èèyàn. Motọ́lání, ọmọge tó fẹ́ fi ṣe aya, sọ fún un pé kò sí òórùn tí màmá òun fẹ́ràn tó ti efinrin. Àbùṣe bùṣe! Ọ̀gá ti rí i lórí fóònù pé àwọn òyìnbó pàápàá ń fi ewé ọbẹ̀ ṣe lọ́fíńdà. Ó gún efinrin mọ́ àdín àgbọn, ó fi pa ọrùn, ó fi pa irùngbọ̀n, ó fi pa abíyá, ó wá wọ́n èyí tó kù sára bùbá funfun rẹ̀. Bó ṣe kan ilẹ̀kùn Màmá Nọ́ọ̀sì, ìyá Motọ́lání, ní Ìdí-Àràbà nìyẹn lọ́sàn-án Sátidé, òun nìkan, torí Màmá ló ní kó dá wá, kí òun fojú ara òun wò ó kí òun tó sọ bóyá òun á fọmọ fún un.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, àyà kan ilẹ̀, ikùn kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì."

"Káàsán, ọmọ mi. Dìde, ó ti tó, dìde." Màmá sún mọ́ ọn. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó tún un fà. "Kí ni mò ń gbọ́ yìí? Àbí efinrin ni?"

Inú Ọláṣùpọ̀ dùn dé etí. Ó ti ń ṣiṣẹ́! "Efinrin ni mà."

"Ó mà pọ̀ o."

"Ìdì mẹ́ta gbáko ni mà. Mi ò ṣahun."

"Ìdì mẹ́ta! Yéè! Ó ti le tó yẹn? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ọláṣùpọ̀ ò mọ ohun tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti búra láti ilé pé òun ò ní bá ìyá ìyàwó jiyàn. Ohunkóhun tí wọ́n bá ti sọ, abẹ́ ẹ̀ ni òun máa sá sí. Ó rántí pé Tọ́sìdeè ni òun gún ewé.

"Láti Tọ́sìdeè mà."

"Láti Tọ́sìdeè, o ṣì lè dá dúró! O kú ìfaradà o. Háà, má jókòó síbẹ̀ yẹn!"

Ìdí Ọláṣùpọ̀ ti ku díẹ̀ kó kan àga ńlá. Ó dúró báyẹn, kò jókòó, kò nàró. Màmá sáré wọ́ àga oníke kan jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Orí èyí ni kó o wà. Aṣọ àga tọ̀hún ò ṣeé fọ̀."

Ó dun Ọláṣùpọ̀ wọra. Òun tí gbogbo Mushin ń jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, lórí ike! Ó tún wá rí i pé fóòmù àga ńlá náà ti rì láàárín. Ọ̀rọ̀ ń yún un lẹ́nu. Ó gbé e mì.

"Mọ́mì, ṣé àlejò kì í jókòó síbẹ̀ ni?"

"Àlejò tára ẹ̀ yá máa ń jókòó síbẹ̀."

"Ara mi yá mà."

"Ọkùnrin! Bẹ́ ẹ ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá mu efinrin tó ń rùn jáde lára ẹ̀ báyìí, ṣé ó tún ku ohun tó máa sọ fún mi? Ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti sáré lọ ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀?"

Ojú Ọláṣùpọ̀ là kedere. Yé! Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Bí ọmọ bá ń ṣunú, efinrin ni wọ́n máa fún sómi fún un mu. Ìyá tirẹ̀ náà fún un mu títí tó fi dàgbà. Òyìnbó orí fóònù ni ò mẹ́nu kan ìyẹn.

Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Kó sọ pé òun ò ṣunú, á wá ṣàlàyé bí ewé ọbẹ̀ ṣe dé abíyá. Kó sọ pé òun ń ṣunú, ṣebí àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ó yan àìsàn.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mà."

"Ìdì mẹ́ta fún ẹ̀ẹ̀mejì? Má tijú mi o."

"Ẹ̀ẹ̀meje mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kó máa bọ̀!" Màmá wọlé, ó gbé jọ́ọ̀gì omi iyọ̀ àti ṣúgà jáde. "Gbà, mu ún."

"Gbogbo ẹ̀ mà?"

"Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀meje ló ń bi mí pé gbogbo ẹ̀?"

Ọláṣùpọ̀ gbé jọ́ọ̀gì sẹ́nu. Ó ku díẹ̀ kó tán nígbà tí òórùn kan rọra yọ láti kíṣìnnì, ó gba abẹ́ imú rẹ̀ kọjá. Àtàná ni kò ti jẹun, torí kó lè jẹun dáadáa lójú ìyá ìyàwó.

"Mọ́mì, nǹkan kan ń ta sánsán níbẹ̀ yẹn."

"Pẹpẹsúùpù ẹran ewúrẹ́ ni, pẹ̀lú iṣu. Ìwọ ni mo sè é fún."

"Ẹ ṣeun mà!"

"Má dúpẹ́. Ẹni tó ń ṣunú, kí ló fẹ́ fi ata ṣe? Mo máa gbé e fún àwọn tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Gbogbo ẹ̀ mà?"

"Títí kan ẹ̀dọ̀ tí mo yọ sọ́tọ̀ fún ẹ."

Omi lé ròrò sójú Ọláṣùpọ̀. "Mọ́mì, ó ti dáwọ́ dúró mà. Ìsinsìnyí ló dúró. Mo gbọ́ ọ."

"Má dá a lóhùn, ó ń tàn ẹ́ ni." Màmá ti tún dé pẹ̀lú kọ́ọ̀bù ńlá kan tí omi inú rẹ̀ dúdú bí ewéko. "Efinrin tútù nìyí. Mo fún un fún ẹ báyìí báyìí. Di imú."

Báwo ni yóò ṣe di imú, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tó fẹ́ fi dì í gan-an ń rùn fún efinrin? Ó mu kọ́ọ̀bù kan, ojú rẹ̀ kákò. Màmá bu ìkejì. Ó mu ún, etí rẹ̀ mì.

Nígbà náà ni Màmá jókòó, ó sì tún ìró ró.

"Jẹ́ n sọ bó ṣe wà lọ́kàn mi, ọmọ mi. Motọ́lání nìkan ni mo bí. Ọkùnrin tí ìdì efinrin mẹ́ta ò ràn, ọwọ́ mi ò yá láti fọmọ fún un. Máa lọ ilé, lọ tọ́jú ara ẹ. Tó bá di èèmíràn, ká tún yọjú síra."

"Èèmíràn!" Ọláṣùpọ̀ já bọ́ lórí àga oníke, ó di gbalaja lẹ́ẹ̀kejì. "Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ má ṣe mí báyìí! Inú ò run mí. Mi ò lọ ẹ̀yìnkùlé kankan. Mo fi efinrin para ni."

"O fi kí ni ṣe kí ni?"

"Mo fi para mà, bíi lọ́fíńdà. Motọ́lání ló ní ẹ fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ̀rù yín ń bà mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fẹ́ràn mi kí n tó lanu."

"Títí kan abíyá?"

"Abíyá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ mà."

Màmá fi etí gèlè bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ọláṣùpọ̀ rò pé ẹkún ni, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Òótọ́ ni Motọ́lání sọ, mo fẹ́ràn ẹ̀. Nínú ìkòkò! Mo ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà."

"Ẹ mọ̀ mà?"

"Ẹni tó ń ṣunú, ṣé ó jẹ́ dọ̀bálẹ̀ bó o ṣe dọ̀bálẹ̀ yẹn? Kò tó bẹ́ẹ̀! Ewé tún wà nínú irùngbọ̀n ẹ. Ẹnu la fi ń mu efinrin, a kì í fi irùngbọ̀n mu ún."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá fún mi ní jọ́ọ̀gì?"

"Mo fẹ́ mọ bí irọ́ á ṣe pẹ́ lẹ́nu ẹ tó. Ká ní o fi irọ́ yẹn lọ ilé ni, o ò bá má padà wá mọ́."

"Mọ́mì, láti òní lọ, mi ò tún ní parọ́ fún yín mọ́ láyé."

"Ó dáa. Bọ́ sórí àga èèyàn."

Ọláṣùpọ̀ jókòó sórí àga ńlá, ó fi ìdí tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Mọ́mì, bó ṣe jẹ́ pé òótọ́ la wà báyìí, fóòmù yín yìí ti kú."

"Òótọ́ ni mo ní kó o sọ, mi ò ní kó o bú mi!"

Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti kíṣìnnì pẹ̀lú abọ́ pẹpẹsúùpù tó ń ru èéfín. Ọláṣùpọ̀ jẹ abọ́ kìíní, kò gbójú sókè. Ó jẹ ìkejì, ó jẹ ẹ̀dọ̀, ó jẹ iṣu, ó lá ṣíbí. Òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ayọ̀ ń bọ́ pẹ̀lú ẹ̀.

Gbùrùrùrù.

Màmá gbójú sókè. "Ta ló tan jẹnẹrétọ̀? Ṣebí iná wà."

Ọláṣùpọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. Jọ́ọ̀gì omi iyọ̀ kan, efinrin tútù kọ́ọ̀bù méjì, ata abọ́ méjì, gbogbo wọn ti pàdé nínú ikùn tí kò rí oúnjẹ látàná, wọn ò sì mọra rí. Ó wo aṣọ àga tí kò ṣeé fọ̀. Ó di apá àga mú gírígírí.

"Mọ́mì."

"Ọmọ mi."

"Mo ní mi ò ní parọ́ fún yín mọ́ láyé."

"Mo gbọ́ ọ."

"Jẹnẹrétọ̀ kọ́ mà."

Màmá wò ó, ó wo àga rẹ̀. Ó dìde wàrà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ìyá ìyàwó ṣe ń ṣe, ó sì nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ilẹ̀kùn kejì ni, lọ́wọ́ òsì yín. Ẹ yára, àna mi!"