Wòlíì Tó Ní Òyìnbó Ni Baba Ńlá Òun

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, ẹ ó ní irọ́ ni. Ìyá aránṣọ kan ló pe ọmọ ẹ̀ lẹ́jọ́. Ọmọ ọ̀hún ni Wòlíì, olórí ìjọ tó tóbi jù ládùúgbò. Láti ọjọ́ Ìsinmi ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́fun ìyá yìí mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí ọmọ tó bí pe òun ní ìyá lójú gbogbo ayé.

"Kábíyèsí, ọmọ mi ló ní òyìnbó ni baba ńlá òun. Èmi tí mo bí i, mi ò rí òyìnbó kankan nílé wa rí, àfi èyí tó wà lára páálí bisikíìtì."

"Ṣé ìyẹn náà ló dẹjọ́?"

"Rárá o. Wọ́n ṣí ilé ìjọsìn tuntun lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo jókòó síwájú. Agbàlejò wọn ní ìjókòó ìdílé Wòlíì nìyẹn, àwọn ará òkè òkun làwọn ń retí. Ó gbé mi lọ sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àlejò dìde, wọ́n ní kí èmi náà dìde! Wọ́n wá fún mi ní káàdì àlejò pé kí n kọ̀rọ̀ sí i."

Ọba gba káàdì náà, ó kà á sókè. Níbi tí wọ́n ti bi í pé ta ló pè é wá, ìyá kọ ọ́ pé: "Kò sẹ́ni tó pè mí. Èmi ni mo bí i." Níbi tí wọ́n ti bi í pé àdúrà wo ló fẹ́, ó kọ ọ́ pé: "Kí orí ọmọ mi pé."

"Wòlíì, ṣé ìyá ẹ nìyí?"

"Kábíyèsí, mo gbà pé Màmá gbé mi fún oṣù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n awakọ̀ náà ń gbé èrò. Èrò kì í tìtorí ẹ̀ di ọmọ awakọ̀."

"Yéè!" làwọn ìjòyè figbe ta.

"Ta ló máa wá gbàdúrà lọ́dọ̀ ọmọ aránṣọ? Ìgbà tí wọ́n gbọ́ pé mo lẹ́jẹ̀ òyìnbó lára ni èrò kún. Ẹ sì wo imú mi bó ṣe gún."

"Imú baba mi nìyẹn!" ni ìyá wí. "Káfíńtà ni. Imú ẹ̀ ló máa ń ṣáájú ẹ̀ wọlé."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Agbàlejò ní ọkọ̀ òkun ni baba ńlá Wòlíì bá dé. Olórí akọrin ní irọ́ ni, bàlúù ni, àwọn kúkú ti fi kọrin.

"Ìgbà wo ló dé?" Ọba bi í.

"Ó tó igba ọdún, Kábíyèsí."

"Bàlúù wo ló wà nígba ọdún sẹ́yìn?"

Olórí akọrin rò ó títí. "Bóyá ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kó tó dé."

Ọba mí kanlẹ̀, ó kọjú sí onígbàjámọ̀ tó ń ṣe irun Wòlíì. "Ìwọ lo mọ orí ẹ̀. Ṣé irun òyìnbó ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí, ní Sátidé tí mo bá fi ìpara nà án. Tó bá fi máa di Tọ́sìdé, ó ti ń padà di tiwa."

Lánàá kúkú ni Tọ́sìdé. Gbogbo ojú yí sí orí Wòlíì, ó sì fọwọ́ bò ó.

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, àfi ìyá aránṣọ. Inú ń bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àánú ọmọ náà ń ṣe é, pé wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín níṣojú òun.

"Wòlíì," ni Ọba wí, "ilẹ̀ tí ilé ìjọsìn yín wà, ta ló fún ẹ?"

"Màmá ni. Ilẹ̀ baba wọn ni."

"Kí ló dé tí wọ́n fi fún ẹ?"

"Torí pé ọmọ wọn ni m—"

Ó panu dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ó wólẹ̀ gbalaja. "Ìyá mi ni o! Ìyá mi gan-an ni!"

Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé èmi lò ń pè ni, àbí ilẹ̀?"



Ọba dájọ́. "Ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ìyá. Wòlíì di ayálégbé, ṣùgbọ́n kò ní sanwó. Lọ́jọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kó tó wàásù, yóò ka ìran ẹ̀ sókè níwájú ìjọ, látorí ìyá ẹ̀ títí dé ẹnì keje, àti iṣẹ́ tí kálukú ṣe. Bó bá fo ẹnì kan, yóò tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sílé jẹun títí yóò fi kà á yanjú."

"Kábíyèsí, kí làwa ṣe tí a ò fi ní jẹun?" ni olórí akọrin bi í.

"Ẹ̀yin náà lẹ kọrin bàlúù. Wòlíì, ó yá, jẹ́ ká gbọ́."

Wòlíì dìde. "Ọmọ aránṣọ ni mí. Aránṣọ, ọmọ káfíńtà. Káfíńtà, ọmọ..." Ó wòkè, ó wolẹ̀, òógùn bò ó.

"Alágbàfọ̀," ni ìyá ẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìyá!" Ọba jágbe mọ́ ọn. "Ẹ ò gbọdọ̀ máa sọ ọ́ fún un!"

"Ẹ forí jì mí, Kábíyèsí. Ọmọ mi ni."

Ọba ní kí Wòlíì tún un bẹ̀rẹ̀. Wòlíì nu ojú, ó yíjú sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. "Ìyá mi," ló wí, "aránṣọ ni."