Àjàgbé Nínú Kànga Àna Rẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ojú ilẹ̀ la ti í ro bí a ó ṣe jáde nínú kànga"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ súnmọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má rẹ́rìn-ín jù, torí ojú ń ti èmi gan-an bá ọkùnrin náà.

Àjàgbé ló ń jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ púpọ̀, ìrònú ló máa ń pẹ́ dé. Ìbíyẹmí, ọmọ Baba Olóyèédé, ló fẹ́ fi ṣaya. Baba ò béèrè ju ọ̀wẹ̀ kan lọ: kó bá òun gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé, kí àwọn obìnrin ilé lè sinmi odò jíjìn.

"Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ o," baba ní, "mi ò ní fọ́mọ mi fún aláìnírònú."

Àjàgbé kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé. Ó bọ́ aṣọ rẹ̀ kọ́ sórí igi kó má baà dọ̀tí kí àna tó rí i, ó wá ku ìbàǹtẹ́ nídìí. Ó ń gbẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi okùn àti garawa fa erùpẹ̀ sókè. Ìbíyẹmí gbé omi mímu wá, ó sì yọjú wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sára ògiri bí ẹ ṣe ń lọ."

"Ihò ẹsẹ̀ kẹ̀? Ìyẹn á fà mí sẹ́yìn. Jẹ́ n kan omi ná!"

Ó sì kan omi lóòótọ́. Orí rẹ̀ wú. Ó bu omi kún garawa, ó kígbe sókè: "Ẹ fà á o! Ẹ gbé e lọ fún àna mi kíákíá, tòun tokùn, kó fẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò!" Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti àárọ̀ ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Àjàgbé wá gbójú sókè. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó ń yọ̀ bí ilá. Ó wá okùn, kò sókùn. Yéè! Omi sì ti dé orúnkún.

Kó pariwo ni? Ṣé ọkọ ìyàwó ń ké "ẹ gbà mí" nílé àna ni? Ojú tì í. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́ títí omi fi dé ìbàdí. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló yọjú sí i, òun náà sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Baba Olóyèédé kó agboolé wá dúpẹ́. "Àna mi, o kú iṣẹ́ o! Omi náà dùn."

Ta ní í dúró gbangba kí baba ìyàwó? Àjàgbé dọ̀bálẹ̀. Nínú kànga! Orí wọ omi, ẹsẹ̀ kọ́ sára ògiri, ìkíni di bùlùbùlù.

"Báwo ló ṣe fẹ́ jáde?" baba béèrè.

 Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ mí kanlẹ̀: "Àìròtẹ́lẹ̀ rèé."

"Àìwowájú ni," àbúrò baba ní.

"Rárá o," ìyàwó ilé kan ní, "òní-ló-mọ̀-kò-mọ̀la ni."

Àjàgbé ní kílẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti gbé e mì tẹ́lẹ̀.

Wọ́n wá fi okùn fà á jáde. Ìyá ìyàwó fi ìborùn bojú. Àjàgbé dojú bolẹ̀, omi ń ro tótó lára ìbàǹtẹ́. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àna mi. Mò ń tún un ṣe báyìí-báyìí!" Ó já dígà gbà, ó sì bẹ́ padà sínú kànga. Okùn wà lọ́wọ́ baba lókè.

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu kànga, ó rọra sọ ọ́: "Ọkọ mi, ojú ilẹ̀ la ti í ro bí a ó ṣe jáde nínú kànga." Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló dun Àjàgbé ju gbogbo èébú lọ.

Baba ká okùn. "Ẹ má fà á. Tó bá gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ dókè, ọmọ mi di tirẹ̀. Tí kò bá dókè, kànga di tirẹ̀."

Ó gbẹ́ ẹ. Ẹnu kànga ni wọ́n jókòó sí jẹ iyán tirẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fá abọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló tó yọrí, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún un níyàwó. Ṣùgbọ́n títí ó fi darúgbó, bó bá ti ń kánjú dìde nílé, "Ojú ilẹ̀ ńkọ́?" nìkan ni Ìbíyẹmí máa ń bi í. Á sì padà jókòó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú, ojú ilẹ̀ la ti í ro bí a ó ṣe jáde nínú kànga. Àjàgbé dúró dìgbà tó dé ìsàlẹ̀ kó tó rò ó, omi ló mu.