Fíìmù Dírágónì Tí Èmi àti Bàbá Bọ́láńlé Wò Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọ́n á fi sin mí: ọjọ́ tí mo mú bàbá Bọ́láńlé lọ sí ilé sinimá ní Onitsha níbí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ Bọ́láńlé, ṣùgbọ́n Alhaji, bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Relief, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Wọ́n kàn máa ń wò mí bí ìrẹsì tí òkúta pọ̀ nínú rẹ̀ ni.

Bọ́láńlé ló ta mí lólobó pé kò sí ohun tí bàbá òun fẹ́ràn tó fíìmù àwọn ará Ṣáínà. Àsìkò yẹn gan-an ni fíìmù olówó gọbọi kan dé, ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn nípa dírágónì tó ń ṣọ́ odò. Gbogbo àdúgbò Fegge ló ń pariwo rẹ̀. Mo ní ọ̀nà ti là nìyẹn.

Inú òkùnkùn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣáájú Alhaji wọlé lọ wá ìjókòó tó dáa. Bí mo ṣe rí ẹnìkan tó dé fìlà tó ń bọ̀, mo rò pé Alhaji ni, mo nà gbalaja sílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà!" Ọ̀gbẹ́ni náà kọsẹ̀ lára mi, gúgúrú rẹ̀ dà sí mi lórí.

"Chineke! Oga, wetin you dey find for ground?"

Alhaji gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn tó ṣe é náwó, ṣùgbọ́n wọn ò rántí ra ìtàn. Dírágónì tí a torí rẹ̀ wá, oorun ló ń sùn. Àwọn èèyàn ń fò lókè bí ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ gbé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Nígbà tó yá, akọni wọn fẹnu ko omidan kan lẹ́nu. Èmi tí mo jókòó ti bàbá ẹni tí mo fẹ́ fẹ́! Mo doríkodò, mo ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Alhaji ń fa tẹ̀sùbáà. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ni dírágónì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó húkọ́ iná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa á.

Ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n Alhaji ní, "Ó dáa, ó dáa gan-an. O ṣeun." Ẹ ṣáà mọ̀ wá, ẹni tó ṣe wá lálejò, a kì í sọ pé ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn. Èmi òmùgọ̀ gbà á gbọ́. Inú mi dùn débi tí mo fi ní, "Sà, tó bá wù yín, ẹ jẹ́ ká tún un wò."

Alhaji gbé itọ́ mì. "Tó bá ti wu ìwọ náà, ọmọ mi."

A kírun, a padà wọlé. Bí akọni yẹn ṣe tún na ẹnu sí omidan rẹ̀, Alhaji sún mọ́ mi.

"Má bínú o. Ṣé nǹkan yìí ń dùn mọ́ ọ ni?"

"Sà?"

"Sọ òótọ́."

"Sà, kò dùn rárá. Torí tiyín ni mo ṣe jókòó."

"Èmi náà! Torí tìẹ ni!"

A bú sẹ́rìn-ín. Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú. "Oga, una dey disturb people. Abeg, make una go outside."

Níta, Alhaji di èjìká mi mú, wọ́n ṣì ń nu omijé ẹ̀rín. "Lọ sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n wá rí mi." Omijé tèmi kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: àpọ́nlé dáa, àmọ́ kéèyàn tètè bi ẹnìkejì rẹ̀ bóyá ìyà ń jẹ ẹ́. Mo bú àwọn tó ṣe fíìmù yẹn títí, ṣùgbọ́n lónìí mo ń ṣàdúrà fún wọn. Ká ní ó dùn ni, Alhaji ì bá kàn dúpẹ́, kí wọ́n gba ilé wọn lọ. Bọ́láńlé ìyàwó mi ní òun náà fẹ́ wò ó. Mo ní kó fara balẹ̀, ìyà tí bàbá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ jẹ ti kárí gbogbo ilé.