Ìṣó Kejìlá àti Igún Ìdí-Àràbà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹyẹ tó bá fara wé igún, ẹ̀yìn ààrò ni yóò sùn? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ má sì bi mí bóyá òwe ló dàgbà ni tàbí kámẹ́rà, torí ẹni tó bá já lu ọ̀rọ̀ mi ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìtàn náà.

Àjàdí, bàbá Moróyìn, ayàwòrán ìlú Ìdí-Àràbà, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ọkùnrin yìí ti ya ìyàwó tuntun, ó ti ya òkú tó wọ aṣọ oyè. Nígbà tó darúgbó, ẹyẹ ló kù tó ń yà. Màdáámù Fátúnlà, ọ̀gá ilé-ìwé, ní kó ya ẹyẹ méjìlá fún òun, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ó sì kan ìṣó méjìlá mọ́ ògiri dè wọ́n. Nígbà òjò, Àjàdí dúró nínú ẹrẹ̀ títí tó fi rí ẹ̀ga níbi tó ti ń hun ìtẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín igbó tí wọ́n ń sun fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú kó tó rí àwòdì tó ń ṣọdẹ tata yà. Lékèélékèé dé, ó yà á. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa bẹ̀rẹ̀, mọ́kànlá ti wà lára ògiri. Igún ló kù.

Igún kan ṣoṣo ló sì kù ní gbogbo ìlú, lórí igi àràbà tó wà lẹ́yìn ibi tí àwọn alápatà ti ń pa ẹran. Wọ́n ti lé e, wọ́n ti sọ ọ́ lókò, débi pé bó bá ti rí ọmọ ènìyàn báyìí, ó ti fò lọ. Ẹ̀ẹ̀meje ni Àjàdí lọ, ẹ̀ẹ̀meje ló jẹ́ pé ìdí rẹ̀ nìkan ló rí.

"Bàbá Moróyìn," Màdáámù wí, "ọ̀la ni àjọ̀dún ilé-ìwé. Bí n kò bá rí igún kí aago mẹ́jọ tó lù, tòlótòló ni mo máa gbé kọ́ síbẹ̀. Òun náà kò kúkú ní irun lórí."

Tòlótòló! Inú Àjàdí bàjẹ́. Ọdún kan gbáko nínú òjò àti oòrùn, kí ẹran Kérésì wá gun orí ìṣó rẹ̀?

Ó ronú títí. Igún kì í gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn, àmọ́ bó bá rí igún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹun, á bọ́ sílẹ̀. Àjàdí fọwọ́ pa orí. Apárí ni láti bí ogún ọdún. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Ó yọ́ mú ẹ̀wù òtútù ìyàwó rẹ̀, ó rán ìyẹ́ adìẹ mọ́ ọn, ó sì fi omi ìfun màlúù pa á, kí igún má baà gbóòórùn ọṣẹ lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn alápatà lọ sílé nírọ̀lẹ́, ó fi kámẹ́rà pamọ́ sínú igbó, ó di rìmóòtù tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè mọ́wọ́, ó sì lóṣòó ti òkìtì eegun.

Ọyẹ́ ń fẹ́. Ẹsẹ̀ ń ro ó. Eṣinṣin wọ imú rẹ̀, kò gbọdọ̀ sín. Igún wò ó láti òkè, ó yí ọrùn. Àjàdí náà yí ọrùn. Igún na apá. Àjàdí na apá ẹ̀wù. Igún bá fò wálẹ̀, gbì! Ó tọ kan, ó dúró. Ó tún tọ kan. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kó wọ ojú kámẹ́rà. Ó ku méjì. Olúwa mi, ó ku ẹyọ kan!

Ibi tí ìka rẹ̀ ti ń lọ sórí rìmóòtù ni Kásúmù alápatà ti padà wá mú ọ̀bẹ tó gbàgbé.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Igún tó tó màlúù!"

Òkò kọ́kọ́ ba eegun. Èkejì ba Àjàdí ní ìdí, ó fò sókè. Igún gidi ti bá tirẹ̀ lọ.

"Kásúmù, èmi ni!"

"Ó ń sọ̀rọ̀! Ó mọ orúkọ mi!" Ni Kásúmù bá tú ajá mẹ́ta sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará, àgbàlagbà sáré! Ìyẹ́ adìẹ ń já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ajá ń gbóòórùn ìfun bọ̀. Ó dé ilé, ó kanlẹ̀kùn gbàgbàgbà. Ṣẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó dimú.

"Ta nìyẹn?"

"Ọkọ rẹ ni!"

"Ọkọ mi kì í rùn báyìí. Ẹ̀ẹ́n? Ẹ̀wù òtútù mi kọ́ nìyẹn?"

"Ìyá Moróyìn, ṣílẹ̀kùn, ọyẹ́ á pa mí!"

"Ẹyẹ kì í sun orí bẹ́ẹ̀dì mi. Iná ṣì wà nínú ààrò ẹ̀yìnkùlé. Ẹ lọ sùn sẹ́yìn rẹ̀."

Ibẹ̀ náà ló sùn, nínú eérú, òun àti ewúrẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ gbé kámẹ́rà. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: nígbà tí òkò bà á ló tẹ rìmóòtù. Igún kò sí níbẹ̀. Òun ló wà lófuurufú, apá méjèèjì nà, orí pípá rẹ̀ ń dán. Kó tó pa á rẹ́, Màdáámù tó ń wá a bọ̀ ti já kámẹ́rà gbà.

"Ẹ ṣé o, bàbá! Igún ayé àtijọ́ gan-an nìyí!"

Bó bá jẹ́wọ́, tòlótòló ló ń bọ̀ yẹn. Wọ́n tẹ fọ́tò náà jáde, wọ́n gbé e kọ́ sórí ìṣó kejìlá, gbogbo ìlú wá wò ó, Àjàdí náà sì ń sọ fún wọn pé igún ni. Kásúmù nàka sí i: "Òun ló pe orúkọ mi!" Ṣẹ̀gilọlá nìkan ló dúró pẹ́ níwájú fọ́tò náà, tó ń wo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Àjàdí wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ìrọ̀rí, ó forí lé yàrá. Ìyàwó rẹ̀ na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Àná ńkọ́? Mo rò pé ó ti tán," Àjàdí bẹ̀bẹ̀.

"Ó tán kẹ̀? Ẹ̀yin náà lẹ gbà níwájú gbogbo ìlú pé igún ni. Ẹyẹ tó bá fara wé igún, Bàbá Moróyìn, ẹ̀yìn ààrò ni yóò sùn."